Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Káfíńtà Ń Ṣọ́

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó jókòó sórí àga onítáyà nínú yàrá ẹ̀yìn, tó kọjú sí kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án gangan, tó ń pariwo pé, "Wọ́n ń gba apá òsì bọ̀! Ẹ dí ibẹ̀! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ dí ibẹ̀!", ẹ má wulẹ̀ sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn ará àdúgbò ti sọ ọ́ ṣáájú yín, wọ́n sọ ọ́ títí ó fi sú wọn. Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Ibùdó ló ń ṣọ́.

Kó tó di pé ó ń ṣọ́ ibùdó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn gidi ló ń ṣe. Agbára káká lẹ fi máa rí òpópónà kan ládùúgbò yẹn tí kò ní ilẹ̀kùn tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Bó bá ń kọjá lọ, á dúró, á fi ìka gbá ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, á tẹ́tí sí ìró pákó rẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé á sáré jáde pé ta ni ń kanlẹ̀kùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa bá lókèèrè. Ó mọṣẹ́, ó sì le. Ọmọṣẹ́ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ láì kí i dáadáa, á ní kó padà sílé lọ jí dáadáa kó tó wá.

Ọjọ́ kan ló já láti orí òrùlé ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ló fi balẹ̀. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, wọ́n rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà là, wọn ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí tipẹ́, ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bá gbé e wá sílé ara rẹ̀. Iṣẹ́ ìfọṣọ ni ọmọ yìí ń ṣe, ní ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, á jáde láàárọ̀, á dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú òórùn ọṣẹ àti ooru áyọ́ọ̀nù lára. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ńlá, òun ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ni wọ́n fún bàbá. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò, tó jẹ́ pé téèyàn bá yọjú síta, sìmẹ́ńtì ló máa kí i káàárọ̀.

Ọmọ náà tọ́jú bàbá rẹ̀, irọ́ ò sí níbẹ̀. Kò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan. "Ẹ fi sílẹ̀, bàbá." "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ yín, bàbá." Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná já sílẹ̀, káfíńtà mìíràn ló lọ pè wá tún un ṣe, torí pé kò fẹ́ da bàbá láàmú. Bàbá jókòó sínú yàrá, ó ń gbọ́ bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe ń kan ìṣó sílé ọmọ òun, ó sì mọ̀ láti inú ìró òòlù nìkan pé ìṣó náà ti wọ́. Ó kàn kọjú sí ògiri aládùúgbò, omijé sì lé ròrò sí i lójú.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló mú eré náà wá. Òun ló kọ́kọ́ ń ṣe é, kí iṣẹ́ ọkọ̀ tó gba gbogbo àsìkò rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú bàbá, ó fi íápíìsì tó ní gbohùngbohùn bọ̀ ọ́ létí, ó ní, "Bàbá, ẹ fi èyí ṣeré, kí ọjọ́ lè máa sáré." Eré ìbọn ni. Ẹgbẹ́ méjì á dojú kọ ara wọn, èèyàn mẹ́wàá mẹ́wàá, kálukú nínú ilé rẹ̀ káàkiri ayé, kálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Ẹgbẹ́ kan á wà nínú ibùdó, jẹnẹrétọ̀ kan á sì máa ṣiṣẹ́ láàárín ibùdó náà. Ẹgbẹ́ kejì á máa wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé lọ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn. Bó bá ti lè kú, ibùdó wó nìyẹn.

Níbẹ̀rẹ̀, ìyà jẹ bàbá wa yìí. Kó tó rí bọ́tìnnì tó fi ń rìn, wọ́n á ti yìnbọn fún un. Àwọn ọmọ tó bá pàdé nínú ẹgbẹ́ náà, ará èdè rẹ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wọ́n. Olórí wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, Ọ̀gá ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Aláròyé, tó jẹ́ pé bó bá kú nínú eré, á rojọ́ ikú rẹ̀ títí eré á fi parí. Ẹnì kan tún wà tó jẹ́ Alájẹkì, wọ́n á máa gbọ́ bó ṣe ń rún nǹkan lẹ́nu mọ́ ìró ìbọn. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹnì kejì rẹ̀ nínú wọn, wọn ò sì rí ojú ara wọn rí.

Ọjọ́ tí nǹkan yí padà ni ọjọ́ tí bàbá wo ilẹ̀kùn ibùdó wọn dáadáa. Eré náà gbà kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ibùdó, pẹ̀lú pákó àti irin. Bàbá ní, "Ta ló gbé ilẹ̀kùn yìí kọ́?"

Aláròyé ní, "Èmi ni, bàbá. Kí ló ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn tó ń wá bá wa jà ló kù kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ó tú u. Ó kọ́ ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, ó sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró sáàárín wọn, débi pé ẹni tó bá já ti àkọ́kọ́ ti há nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti yìnbọn fún un. Ibùdó tó máa ń wó lemọ́lemọ́ kò wó mọ́. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ilẹ̀kùn. Wọn kì í jà kó tó dé. Bó bá pẹ́ díẹ̀, Ọ̀gá á máa pè é, "Bàbá, níbo lẹ wà? A ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí yín o." Ṣé ẹ mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ń ṣe fún ọkùnrin tí gbogbo ayé ti ní kó fi sílẹ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́? Á fá irùngbọ̀n kó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là. Ta ló ń rí i? Kò sẹ́nì kankan. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ ni.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Nínú eré náà, ọ̀tá lè bọ́ aṣọ lára ẹni yín tó ti kú, kó wọ̀ ọ́, kó wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bíi pé ara yín ni. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, tí wọ́n ń yí padà lóòrèkóòrè. Lọ́jọ́ kan, bàbá gbàgbé èyí tó wà lóde, ó tilẹ̀kùn mọ́ Ọ̀gá síta títí wọ́n fi pa á. Inú bí bàbá sí ara rẹ̀. Ó ní òun ò ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́. "Ọmọ tó bá jẹ́ tèmi á mọ bí wọ́n ṣe ń kí mi. Ẹni tó bá ti kí mi, màá ṣílẹ̀kùn fún un." Ẹni tó bá wà nítòsí ilẹ̀kùn, èèyàn máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú eré náà, yálà ará ni tàbí ọ̀tá. Àwọn ọ̀tá wọn sì rèé, èdè òkèèrè oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ. Nínú wọn, ta ló fẹ́ mọ̀ pé ẹni tó dúró ni wọ́n ń kí pé ó kú ìdúró? Ó ṣiṣẹ́ bí idán. Àwọn ọmọ á sáré wá pẹ̀lú ọta ìbọn lẹ́yìn wọn, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìdúró o, bàbá!", bàbá á sì gbé ọ̀pá ìdábùú kúrò. Nígbà tó yá, ìjayà ò jẹ́ kí wọ́n kí i parí mọ́. "Kú'dúró bà!" ni wọ́n ń sọ. Bàbá á ṣílẹ̀kùn, á kùn díẹ̀ pé ọmọ wo ló ń kí èèyàn báyìí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Ìjà tó kẹ́yìn sáà náà wá kù. Ẹgbẹ́ wọn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí gbogbo ìgbà tí ibùdó wọn ń wó kí bàbá tó dé. Òfin eré náà sì le. Bí ibùdó wọn bá wó lọ́jọ́ yẹn, eré máa tú ẹgbẹ́ náà ká. Orúkọ rẹ̀ á parẹ́, yàrá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ara wọn á tì pa, kálukú á sì di ẹni tí ẹnì kejì ò mọ ibi tó máa ti rí i. Bí wọ́n bá dì í mú títí aago fi lù, wọ́n dúró nìyẹn. Bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkàn òun ò balẹ̀. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ọmọ rẹ̀ béèrè pé ṣé ẹ̀yìn ló ń dùn ún, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá ní, "Ẹ gbọ́ o. Wọ́n ti pe Alájẹkì síbi iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ Aláròyé kan ló máa rọ́pò rẹ̀. Gbohùngbohùn rẹ̀ ò tíì dún, ó ní òun ń tún un ṣe."

Bàbá ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún un bó ṣe máa wọlé?"

Aláròyé ní, "Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, bàbá. Ó mọ̀ ọ́n kí dáadáa, ìyá àgbà ló tọ́ ọ dàgbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọ́n rín kẹ́yìn nìyẹn.

Ìjà náà ò ṣe é fẹnu sọ. Àwọn ọ̀tá wọ̀nyẹn gbọ́n, wọ́n sì ní sùúrù. Wọn ò sáré wá sídìí ilẹ̀kùn. Wọ́n ń yìnbọn fún àwọn tó wà lórí òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pa ẹnì kan, wọ́n á dúró. Bàbá ń gbọ́ bí ohùn ṣe ń dín kù nínú yàrá ọ̀rọ̀. Aláròyé kú, kò tiẹ̀ ráàyè rojọ́. Ọ̀gá nìkan ló kù lórí òkè pẹ̀lú ẹnì kan àbí méjì, ó ń pariwo pé, "Ó ti kù díẹ̀! Bàbá, ẹ mú un dáadáa, ó ti kù díẹ̀!"

"Mo mú un!" ni bàbá ń wí. Ó ń nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má mikàn, mo mú un!"

Ìgbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀. Ẹnì kan dúró síta ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Aṣọ ẹgbẹ́ wọn ló wọ̀.

"Ẹ kú ìdúró o, bàbá," ni ẹni náà wí. "Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ẹ kú àfaradà. Wọ́n wà lẹ́yìn mi, bàbá, ẹ jọ̀wọ́."

Bàbá ò mọ ohùn náà. Ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ ọn: ó mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ó sì rò ó. Ọmọ tuntun yẹn ló wá sí i lọ́kàn, èyí tó ń tún gbohùngbohùn rẹ̀ ṣe, èyí tí ìyá àgbà tọ́ dàgbà. Ó yẹ kó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, bóyá orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa gba irú ìkíni yẹn, kó wá fi ìbéèrè ọlọ́pàá dáhùn rẹ̀? Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti kí i tó bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ yá gágá. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti ń dáhùn pé, "Káàbọ̀, ọmọ mi, o kú ewu," ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbé ọ̀pá ìdábùú. Ó ṣí ti òde. Ó tún ṣí ti inú, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà há sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹni náà wọlé. Àwọn ọ̀tá yòókù tú jáde látinú koríko, wọ́n wọlé tẹ̀lé e. Bàbá gbé ìbọn, ó yìn ín, kò ba ẹnì kankan nínú wọn. Àwọn náà ò sì yìnbọn fún un. Wọ́n kàn yà fún un bí ẹni tó ń yà fún àga láàárín yàrá, wọ́n pa Ọ̀gá àtàwọn tó kù lórí òkè, wọ́n sì kọjá lọ sídìí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó kí i yẹn tiẹ̀ ní, "Ẹ ṣeun, bàbá," bó ṣe ń kọjá. Iná kú. Ibùdó wó. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ náà, bàbá nìkan ló ṣẹ́ kù láàyè, lórí ìdúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Bàbá ń retí èébú. Ó fẹ́ èébú. Ká ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, ká ní ọmọṣẹ́ kan ló ṣe irú nǹkan báyìí, orí ọmọ yẹn ì bá gbóná, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ jẹun.

"Èmi ni mo ṣí i," ni bàbá wí. "Ṣé ẹ gbọ́ mi? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣí i."

Ọ̀gá ní, "Kò sí wàhálà, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Má kí mi! Mo ti ba gbogbo yín jẹ́. Aláròyé, ìwọ tó máa ń rojọ́, rojọ́ kan fún mi."

Aláròyé wú ikọ́. "Ẹ ò ṣe nǹkan kan, bàbá. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ ti gbìyànjú gan-an. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ ni pé…"

Ibẹ̀ ni yàrá ọ̀rọ̀ tì pa. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ó gbé ojúewé ìbẹ̀rẹ̀ eré jáde pẹ̀lú orin ayọ̀ rẹ̀, bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá bọ́ íápíìsì létí. Ó tún fi í bọ etí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi?" Orin ló ń dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà wá di wíwá. Kò ní nọ́ńbà fóònù ẹnì kankan nínú wọn, kò mọ orúkọ gidi ẹnì kankan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri pápá ìta inú eré náà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wọlé, ó ń lọ láti ibùdó dé ibùdó. Á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, á máa pè: "Ọ̀gá! Aláròyé! Èmi ni o, Bàbá Ilẹ̀kùn!" Àwọn tó wà nínú á fi èdè wọn bú u, wọ́n á yìnbọn fún un. Á kú, á jí, á tún lọ síbòmíràn. Nígbà míì wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á máa fò sókè fò sílẹ̀ yí i ká kí wọ́n tó pa á. Kò bínú sí wọn. Kò fá irùngbọ̀n mọ́. Ohùn rẹ̀ ti há, síbẹ̀ kò dákẹ́.

Bí ọmọ rẹ̀ ṣe ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, tó ń gbọ́.

"Bàbá, ta lẹ ń pè?"

"Àwọn ọmọ mi."

Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ńkọ́? Ṣé mi ò sí nílé ni? Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, mo wá délé, ẹ̀ ń pe àwọn tẹ́ ò mọ̀ rí lọ́mọ létí mi. Kí ni mi ò ṣe fún yín, bàbá?"

Bàbá yí àga rẹ̀ padà, ó wò ó. Ó rí bó ṣe rẹ ọmọ náà tó. Àánú ọmọ rẹ̀ ṣe é, ìtìjú sì mú un, ṣùgbọ́n òótọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló jáde.

"Ìwọ ò fi nǹkan kan dù mí. Ò ń tọ́jú mi. Àwọn yẹn," ó fi ọwọ́ tọ́ka sí kọ̀ǹpútà, "àwọn yẹn ń fi mí ṣiṣẹ́."

Ọmọ náà tún gbé báàgì rẹ̀. Ó lọ sílé ìdáná. Kò pẹ́ tó fi gbé tíì wá fún un, kò wo ojú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì jáde.

Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún Ọlọ́run nígbà tí ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán kan. Ọ̀gá ni. Ó ní ẹnì kan sọ fún òun pé bàbá àgbà kan wà tó ń lọ káàkiri pápá, tó ń pariwo lẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn èèyàn, òun sì mọ̀ pé kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ó fún un ní ọ̀nà tó fi máa wọ yàrá ọ̀rọ̀ tuntun. Bí bàbá ṣe wọlé, ó gbọ́ wọn: Aláròyé ń rojọ́, Alájẹkì ń rún nǹkan lẹ́nu. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ibùdó mìíràn. Ilẹ̀kùn méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Wọ́n sì ti padà sórí ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹnì kan ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọ̀rẹ́ Aláròyé yẹn.

Gbogbo wọn kí i, wọ́n kí i dáadáa. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìrí, ara ńkọ́, ẹ̀yìn ńkọ́.

Ọ̀gá ní, "Bàbá, a rò pé… ẹ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ fún wa. Ẹ kàn lè máa wá gbọ́ wa. Ẹ máa gbàdúrà fún wa."

Ọkùnrin tí kò bẹ oníbàárà kan rí láyé rẹ̀, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ní iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n, á ní kẹ́ ẹ lọ ra aṣọ fi ta ẹnu ọ̀nà yín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ọmọ. "Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò sọ pé ẹ gbé mi padà sídìí ilẹ̀kùn. Ẹ fi mí síbikíbi. Ẹ̀yìn ilé ni o, orí òrùlé ni o. Ẹ bá mi wá ibì kan, Ọ̀gá. Ẹ má ní kí n kàn jókòó." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbi "jókòó" yẹn, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ. Alájẹkì pàápàá dẹ́kun jíjẹ.

"Ó ti tó, bàbá," ni Ọ̀gá wí kíákíá. "Ẹ má bẹ̀ wá. Ibì kan wà. Ẹ̀yìn ibùdó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. A nílò ẹni tó máa ṣọ́ ibẹ̀."

Inú bàbá dùn débi pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fá irùngbọ̀n lọ́jọ́ kejì. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ dúró sí ibi tí wọ́n ní kó dúró, ó gbójú sókè, ó sì wo àyíká bí ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ibi tí èèyàn lè gbà wọlé. Àpáta náà ga, ó dán, ó lọ títí. Kò ní ihò. Kò sí ọ̀nà lókè, kò sí nísàlẹ̀, ògiri ibùdó sì ti dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pa. Ọ̀tá kan ò lè gba ibẹ̀ wá láéláé, bó ti wù kó gbọ́n tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ojú òun ló ń ṣe bàìbàì. Nígbà tó dá a lójú, nǹkan kan já nínú rẹ̀. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n ti wá ọ̀nà tí wọ́n máa fi sọ fún un pé kó lọ jókòó, láì jẹ́ kó gbọ́ ọ. Ì bá sàn kí wọ́n bú u.

Kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti mọ̀. Gbogbo ìjà ni bàbá ń lọ. "Kò séwu lọ́dọ̀ mi o," ni á máa sọ. "A dúpẹ́, bàbá," ni wọ́n á máa dá a lóhùn.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọ̀tá kún wọn lọ́wọ́. Bàbá dúró nídìí àpáta, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan wúwo lu ilẹ̀kùn níwájú, ó sì mọ̀ láti inú ìró rẹ̀ pé àwọn ọmọ ti gbé ọ̀pá ìdábùú sókè jù, pé ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ya. Aláròyé ń ké. Àwọn ọmọ náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá, jẹ́ kí n wá!" ni bàbá pariwo. "Ẹ rẹ ọ̀pá yẹn sílẹ̀! Mo lè dé ibẹ̀ kíákíá, Ọ̀gá, mo bẹ̀ ọ́!"

"Ẹ má kúrò níbẹ̀, bàbá!" Ọ̀gá ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ jọ̀ọ́! Ibẹ̀ gan-an la gbójú lé!"

Ọwọ́ bàbá wà lórí bọ́tìnnì tó fi ń rìn. Kò tẹ̀ ẹ́. Bó bá lọ, wọ́n á mọ̀ pé ó ti mọ̀, wọn ò sì ní rí ibòmíràn fi í sí mọ́. Ó yí ìbọn rẹ̀ padà sí àpáta.

Ọmọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ lápá. Ó gbọ́ ariwo tó ń jáde láti inú íápíìsì, ó sì rí ojú kọ̀ǹpútà: òkúta láti òkè délẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Ó wo bàbá rẹ̀. Omi ń ṣàn lójú bàbá, kò sì nù ún.

"Bàbá, kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ níbẹ̀?"

"Má bá mi sọ̀rọ̀ báyìí," ni bàbá wí, kò gbójú kúrò lára àpáta. "Ibi pàtàkì ni."